Ẹlẹ́rìí Méjì, Ọ̀rọ̀ Kan: Ìdí Tí D Fi Di Òdo

ÌBÉÈRÈ

Akọ̀wé stóò ni mí ní ilé búrẹ́dì kan nítòsí Pen Cinema, ní Agége. Alẹ́ ni mo máa ń lọ kíláàsì, torí mo fẹ́ tún jókòó fún ìdánwò JAMB. Tíṣà wa ti kọ́ wa bí a ṣe ń fi determinant wá x àti y nínú ìdọ́gba méjì. Èyí tó wà nínú ìwé, mo ń gbà á. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo ní kí n fi dán iṣẹ́ tèmi gan-an wò, ó kọ̀ jálẹ̀.

Bó ṣe rí nìyí. Búrẹ́dì ńlá kan ń gba 800 gíráàmù fúláwà àti 80 gíráàmù ṣúgà. Kékeré ń gba 300 gíráàmù fúláwà àti 30 gíráàmù ṣúgà. Lálẹ́ ọjọ́ kan, àpò fúláwà kan tó jẹ́ kílò 50 ni wọ́n gbà lọ́wọ́ mi, pẹ̀lú kílò 5 ṣúgà. Mo fẹ́ ṣírò iye ńlá àti iye kékeré tí wọ́n máa yan kí n tó lọ kà wọ́n lórí pẹpẹ. D mi, ìyẹn determinant náà, di òdo. Mo tún un ṣe lẹ́ẹ̀mẹta, òdo náà ni. Ẹnìkan tí a jọ ń ṣiṣẹ́ fi mí rẹ́rìn-ín, ó ní irú ìṣirò bẹ́ẹ̀ kì í ṣe fún èèyàn bíi tiwa.

Níbo ni mo ti ṣìnà? Ẹ jọ̀ọ́, kí tilẹ̀ nìdí tí a fi ń sọ nọ́ńbà wọ̀nyí di púpọ̀ ní ìdábùú, tí a tún wá ń yọ ọ̀kan kúrò nínú èkejì? Tíṣà ní ká ṣáà kírámù ẹ̀.

Akọ̀wé Stóò, Agége

ÌDÁHÙN

Àbúrò mi, o ṣeun tí o kọ̀wé. Jẹ́ kí n kọ́kọ́ fi ọkàn rẹ balẹ̀: o ò ṣìnà níbì kankan. Mo bá ọ ṣe é lẹ́ẹ̀kan sí i. Bí x bá jẹ́ iye búrẹ́dì ńlá, tí y jẹ́ iye kékeré, ìdọ́gba fúláwà rẹ ni 800x + 300y = 50,000, ti ṣúgà sì ni 80x + 30y = 5,000. 800 lọ́nà 30 jẹ́ 24,000. 300 lọ́nà 80, 24,000 náà ni. Yọ ọ̀kan kúrò nínú èkejì, òdo ló kù. Ẹ̀ẹ̀mẹta lo ṣe é, ẹ̀ẹ̀mẹta lo sì gbà á. Ohun tí wọn ò tíì sọ fún ọ ni ohun tí òdo yẹn ń wí. Ibẹ̀ ni màá dúró sí jù, torí bí o bá ti gbọ́ ọ, ọ̀rọ̀ ìdábùú àti ìyọkúrò tó ń dà ọ́ láàmú á tú fúnra rẹ̀.

Jẹ́ ká lọ sí ẹ̀yìn stóò rẹ, níbi tí wọ́n ti ń po búrẹ́dì. Inú ẹ̀rọ kan ṣoṣo ni fúláwà, ṣúgà, iyọ̀, omi àti yíìsì ń wọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Tí ó bá pò tán, wọ́n á gbé e lọ sáàárín irin róbótó méjì tó ń yí, tí yóò máa tẹ̀ ẹ́, tí wọn yóò máa ká a, tí wọn yóò tún máa tẹ̀ ẹ́ títí yóò fi dán bí awọ. Irin yẹn ló jẹ́ kí búrẹ́dì Agége máa fà bí o bá ń já a. Amos Shackleford, ará Jàmáíkà tó wá bá rélùwéè ṣiṣẹ́ ní Èkó, tó sì dá ilé búrẹ́dì sílẹ̀ ní Èbúté Mẹ́tta lọ́dún 1921, ni ọ̀pọ̀ ń dárúkọ pé ó mú ẹ̀rọ onírin méjì yìí wọ̀lú. Nígbà tí irin méjì yẹn bá fi máa ṣe tiwọn tán, ṣúgà ti rìn ká gbogbo rẹ̀. Ibi yòówù kí o fi ọ̀bẹ sí, ìdámẹ́wàá fúláwà ni ṣúgà tí o máa bá níbẹ̀. Gé e ní ńlá, ìdámẹ́wàá ni. Gé e ní kékeré, ìdámẹ́wàá ni.

Ìdí nìyẹn tí ẹlẹ́rìí rẹ kejì, ìyẹn ìdọ́gba ṣúgà, kò fi ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀. O bi fúláwà léèrè, ó sọ tẹnu rẹ̀. O bi ṣúgà, ó tún ọ̀rọ̀ fúláwà sọ, ó kàn fi 10 pín in kí ó tó la ẹnu. Dán an wò. Ká ní ńlá jẹ́ 40, kékeré jẹ́ 60: fúláwà á jẹ́ 32,000 àti 18,000, ó pé 50,000, ṣúgà á jẹ́ 3,200 àti 1,800, ó pé 5,000. Ó dára. Ká ní ńlá jẹ́ 25, kékeré jẹ́ 100 ńkọ́? Fúláwà 20,000 àti 30,000, ó tún pé. Ńlá 10, kékeré 140? 8,000 àti 42,000, ó ṣì pé, ṣúgà ò sì ta ko ọ̀kankan nínú wọn. Èwo ni kí D mú fún ọ nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta? Àwọn mìíràn ṣì wà tí mi ò tilẹ̀ kà.

Ìwọ akọ̀wé stóò mọ ẹnu géètì ju èmi lọ. Ní àwọn ilé-iṣẹ́ Ọba Akran, ti Ọgbà, ti Agídíngbí, ìwé méjì ló yẹ kó sọ̀rọ̀ kí ọkọ̀ tó gbé ẹrù jáde: wébìlì tí stóò kọ, àti ìwé tí ẹ̀ṣọ́ géètì fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ lẹ́yìn tó ti ka ẹrù. Tí òòrùn bá wá mú, tí ẹ̀ṣọ́ ò dìde, tó kàn da wébìlì kọ sínú ìwé tirẹ̀ ńkọ́? Ìwé á pé méjì lórí tábìlì, ẹlẹ́rìí á ku ẹyọ kan. Iṣẹ́ tí D ń ṣe nìyẹn gan-an. Òun ló ń wò ó bóyá ẹ̀ṣọ́ ka ẹrù ni, tàbí ó da ìwé kọ. Bí ó bá jẹ́ òdo, ẹnìkan ti da ti ẹnìkejì kọ. Àwọn àgbà sì ní agbẹ́jọ́ ẹnìkan dájọ́, àgbà òṣìkà ni. D kì í ṣe òṣìkà, ìdí nìyẹn tí kò fi dájọ́ fún ọ lálẹ́ ọjọ́ yẹn.

Má jẹ́ kí ẹni tó fi ọ́ rẹ́rìn-ín dà ọ́ lọ́kàn rú. Ohun kan náà ṣe mí nígbà tí mo wà léwe, ní ilé ọṣẹ kan tí mo ti ń kọ́ iṣẹ́ stóò. Ọṣẹ ńlá wúwo ní ìlọ́po méjì kékeré, owó rẹ̀ náà sì jẹ́ ìlọ́po méjì. Ọ̀gá mi fún mi ní àpapọ̀ ìwọ̀n ẹrù àti àpapọ̀ owó, ó ní kí n sọ iye ńlá àti iye kékeré tó jáde. Mo ṣe é láti àárọ̀ títí wọ́n fi fọn fèrè ìrọ̀lẹ́. Ó pè mí ní olódo lójú gbogbo ènìyàn. Òdo wà níbẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n D ló ni ín, kì í ṣe èmi.

Ó yá, jẹ́ ká wá ẹlẹ́rìí tí kì í bá fúláwà jẹ nínú abọ́ kan. Ọ̀kan wà ní stóò rẹ: okùn tí wọ́n fi ń so ẹnu náílọ́ọ̀nù. Búrẹ́dì ńlá ò, kékeré ò, okùn kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń gbà, okùn ò sì mọ èwo ló wúwo. (Náílọ́ọ̀nù gan-an ní ńlá àti kékeré, mo mọ̀. Bí wọ́n bá ń kà á fún ọ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, o ò nílò ìṣirò kankan, o ti rí ìdáhùn nìyẹn.) Ká sọ pé okùn 100 ló jáde lálẹ́ ọjọ́ náà. Ìdọ́gba kejì wá di x + y = 100. Fi 100 pín ti fúláwà jálẹ̀ kí nọ́ńbà rẹ̀ má baà fẹ̀ jù: 8x + 3y = 500. To àwọn nọ́ńbà iwájú x àti y báyìí, ti fúláwà lókè, ti okùn nísàlẹ̀:

8    3
1    1

8 lọ́nà 1 jẹ́ 8. 3 lọ́nà 1 jẹ́ 3. Yọ 3 kúrò nínú 8, D jẹ́ 5. Kì í ṣe òdo, ẹ̀ṣọ́ ka ẹrù.

Dúró síbí kí a tó lọ síwájú, torí ibí ni ìbéèrè rẹ kejì wà. Gbàgbé D fún ìṣẹ́jú kan. Ká ní kò sí ẹni tó kọ́ ọ ní ohunkóhun, tí o kàn fẹ́ mọ x. Y ló ń dí ọ lójú, o gbọ́dọ̀ lé e lọ. Nínú ìdọ́gba fúláwà, 3 ló wà níwájú y. Nínú ti okùn, 1 ni. Wọn ò dọ́gba, nítorí náà o ò tíì lè fi ọ̀kan pa èkejì. Kí lo máa ṣe? Jẹ́ kí wọ́n yá ara wọn ní nọ́ńbà. Kí okùn lọ yá 3 lọ́wọ́ fúláwà, kó fi sọ gbogbo ara rẹ̀ di púpọ̀. Kí fúláwà náà yá 1 lọ́wọ́ okùn, kó fi sọ tirẹ̀ di púpọ̀. Ohun tó máa jáde nìyí:

8x + 3y = 500
3x + 3y = 300

Y ti dọ́gba lókè àti nísàlẹ̀. Yọ ti ìsàlẹ̀ kúrò nínú ti òkè, y á pòórá, á ku 5x = 200. Wo 5 yẹn dáadáa. Òun ni D rẹ. Báwo ló ṣe débẹ̀? 8 ti òkè pàdé 1 tó yá láti ìsàlẹ̀, 1 ti ìsàlẹ̀ pàdé 3 tó yá láti òkè, a wá yọ wọ́n kúrò nínú ara wọn. Ìdábùú tó ń yà ọ́ lẹ́nu, yíyá tí àwọn ìdọ́gba méjèèjì yá ara wọn ní nọ́ńbà ni. Ìyọkúrò sì ni bí a ṣe lé y jáde. Ẹni tó kọ́kọ́ ṣe determinant kò ṣe ju pé ó ṣàkíyèsí pé iṣẹ́ kan náà ni òun ń ṣe nígbà gbogbo, ó wá kọ èsì rẹ̀ sílẹ̀ kí ó má baà máa tún gbogbo ìrìn náà rìn.

Bí o bá fẹ́ ẹ ní lẹ́tà, kí ó lè bá gbogbo nọ́ńbà mu: tí ìdọ́gba bá jẹ́ ax + by = e àti cx + dy = f, fi d sọ ti òkè di púpọ̀, fi b sọ ti ìsàlẹ̀ di púpọ̀, kí o sì yọ wọ́n. Ohun tó kù níwájú x ni ad − bc. Kò sí ohun mìíràn tó ń jẹ́ D.

Wá fi ojú yìí wo ṣúgà rẹ. Fi 10 sọ ìdọ́gba ṣúgà di púpọ̀, kí y lè dọ́gba: 800x + 300y = 50,000. Yọ ọ́ kúrò nínú ti fúláwà. Y lọ, bí a ṣe fẹ́. Ṣùgbọ́n x náà bá a lọ! Apá òsì ṣófo, apá ọ̀tún ṣófo, òdo dọ́gba pẹ̀lú òdo. Òótọ́ ni o, kò kàn wúlò fún ẹni tó fẹ́ mọ iye búrẹ́dì ni.

Ó ku Dx àti Dy, àwọn tí a máa ń fi D pín kí a tó rí x àti y. Mo mọ̀ pé ó máa ń rú akẹ́kọ̀ọ́ lójú ìdí tó fi jẹ́ pé nọ́ńbà x gan-an ni à ń yọ kúrò nígbà tó jẹ́ pé x ni à ń wá. Padà sí 5x = 200. Níbo ni 200 ti wá? Láti 500 lọ́nà 1, a yọ 3 lọ́nà 100. Àwọn tó ṣiṣẹ́ níbẹ̀ ni àpapọ̀ méjèèjì, 500 àti 100, pẹ̀lú 3 àti 1 tí wọ́n jẹ́ nọ́ńbà y, torí àwọn la fi lé y. Nọ́ńbà x kò sí níbẹ̀ rárá, apá òsì ló wà, ó ti di 5. Nítorí náà, nígbà tí o bá ń kọ Dx, ìlà òró ti x á ṣí kúrò, àpapọ̀ á wá jókòó sí àyè rẹ̀, ìlà òró ti y á dúró síbi tó wà:

500    3
100    1

500 lọ́nà 1 jẹ́ 500, 3 lọ́nà 100 jẹ́ 300, ó ku 200. Fi 5 pín in: búrẹ́dì ńlá 40. Ní ti Dy, y ló máa ṣí, x á dúró:

8    500
1    100

800, yọ 500, ó ku 300. Fi 5 pín in: kékeré 60. Lọ wo pẹpẹ.

Jẹ́ ká yára lé àwọn ọ̀rọ̀ kéékèèké tó kù lọ. Bí o bá kọ ti okùn sókè, tí o kọ ti fúláwà sísàlẹ̀, ṣé ìdáhùn á yí padà? Kò ní yí. D á di −5, Dx á di −200, ìyọkúrò méjì á pa ara wọn, 40 náà ló máa jáde. Ohun tó léwu ni kí o bẹ̀rẹ̀ láti òkè apá òsì nígbà tí o ń ṣe D, kí o wá bẹ̀rẹ̀ láti òkè apá ọ̀tún nígbà tí o ń ṣe Dx. Nígbà náà ni wàá ní búrẹ́dì ńlá −40, tí kò tíì sí ààrò tó yan irú rẹ̀ rí. Òkè apá òsì pẹ̀lú ìsàlẹ̀ apá ọ̀tún ni kó máa ṣíwájú nígbà gbogbo.

Ní ti kírámù, mo gbọ́ ohun tí tíṣà yín ń wí. Gabriel Cramer, ará Geneva ní Switzerland, ni wọ́n fi orúkọ rẹ̀ pe ọ̀nà yìí, àwọn ọmọ ilé-ìwé wa sì ti fi orúkọ náà ṣẹ̀fẹ̀ títí. Ọdún 1750 ni Cramer tẹ̀ ẹ́ jáde, ní ẹ̀yìn ìwé kan tó kọ nípa àwọn ìlà tó tẹ̀. Ọ̀nà náà ti wà nínú ìwé Colin Maclaurin, ará Scotland, tó jáde lọ́dún 1748, ọdún méjì lẹ́yìn tí Maclaurin fúnra rẹ̀ ti kú. Ní Jàpáánì, Seki Takakazu ti ń ṣe determinant lọ́dún 1683. Sọ fún ẹni tí ẹ jọ ń ṣiṣẹ́ pé èèyàn ibi mẹ́ta ló dé ìdí ọ̀rọ̀ yìí láìdúró de ara wọn, kò sì sí ẹni tó ní kí àwọn ará Agége má dé ibẹ̀. Bó bá sì jẹ́ ìyọkúrò ló ń bà á lẹ́rù, bi í pé kí ni 500 ń jẹ́ lédè wa. Ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta: ẹgbẹ̀ta tí a yọ ọgọ́rùn-ún kúrò nínú rẹ̀. Kí ó tó mọ ABD ni ó ti ń fi ìyọkúrò ka owó ọjà.

Mo ní kí n má gbàgbé pé òdo ní ojú méjì. Ti alẹ́ ọjọ́ yẹn, Dx rẹ jẹ́ òdo, Dy rẹ náà jẹ́ òdo: 50,000 lọ́nà 30 àti 300 lọ́nà 5,000 jẹ́ 1,500,000 lẹ́ẹ̀mejì. Ìyẹn ni pé ẹlẹ́rìí kejì tún ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ sọ láìyẹsẹ̀, ìdáhùn sì pọ̀ lọ jàra. Ṣùgbọ́n ká ní kílò 5 àti 100 gíráàmù ṣúgà ló jáde ní stóò fún àpò fúláwà kan yẹn ńkọ́? D á ṣì jẹ́ òdo, torí ìwọ̀n inú búrẹ́dì ò yí padà. Dx á wá di 1,500,000, yọ 1,530,000, ìyẹn −30,000. Kò sí x kankan láyé tí òdo lè sọ di púpọ̀ kó di −30,000. Ẹlẹ́rìí méjèèjì ń ta ko ara wọn, kò sí ìdáhùn rárá. Akọ̀wé tó gbọ́n kì í fi èyí sílẹ̀ sínú ìwé ìṣirò lásán. Á lọ wo òṣùwọ̀n, tàbí ẹni tó fi 100 gíráàmù ṣúgà mu ẹ̀kọ.

Ohun kan wà tí ìdánwò kì í sábà béèrè, tí ilé-iṣẹ́ sì máa ń béèrè lójoojúmọ́: D tí kì í ṣe òdo ṣùgbọ́n tó fẹ́ẹ̀ jẹ́ òdo. Ká ní ọ̀gá yín ní kí kékeré máa dùn díẹ̀ sí i, kí wọ́n máa pò ó lọ́tọ̀, kó máa gba 31 gíráàmù ṣúgà dípò 30. D ti fúláwà àti ṣúgà á di 24,800, yọ 24,000, ìyẹn 800. O lè rò pé 800 tóbi. Fi í wé àwọn tó bí i: 24,800 àti 24,000 ni wọ́n, ó ku díẹ̀ kí wọ́n dọ́gba. Ẹ̀ṣọ́ géètì ka ẹrù lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹ̀gbẹ́ ojú ló fi wò ó.

Wo ohun tó máa ń fà. Fún ńlá 40 àti kékeré 60, ṣúgà gbọ́dọ̀ jẹ́ 5,060 gíráàmù. Bí òṣùwọ̀n yín bá sọ 5,060, Dx á jẹ́ 32,000, Dy á jẹ́ 48,000, 40 àti 60 á jáde bí ó ti yẹ. Ṣùgbọ́n òṣùwọ̀n stóò kì í ṣe áńgẹ́lì. Jẹ́ kó fi 20 gíráàmù péré ṣì í, nǹkan bíi ṣíbí tíì márùn-ún, kó sọ 5,080. Dx á di 26,000, x á jẹ́ 32 àti ààbọ̀. Dy á di 64,000, y á jẹ́ 80. Ṣíbí tíì márùn-ún ti ba búrẹ́dì ńlá méje ààbọ̀ jẹ́, ó sì ti bí kékeré ogún tí kò sí lórí pẹpẹ. Bí wọ́n bá fi irú ìwé yẹn pe ẹnìkan lólè, Ọlọ́run nìkan ló mọ bó ṣe máa wẹ ara rẹ̀ mọ́.

Fi ti okùn wé e. Jẹ́ kí òṣùwọ̀n fi odindi 100 gíráàmù fúláwà ṣì í, kó ní 50,100. Ìdọ́gba á di 8x + 3y = 501. D ṣì jẹ́ 5, Dx á di 201, x á jẹ́ 40 àti ìdá kan nínú márùn-ún. Ẹnikẹ́ni tó bá rí i á mọ̀ pé 40 ni. Àṣìṣe yìí tóbi ní ìlọ́po márùn-ún ti ṣúgà, síbẹ̀ kò rí ibi di mú, torí okùn àti fúláwà ń wo ọ̀rọ̀ láti ibi tó jìnnà sí ara wọn. Nítorí náà, nígbà tí o bá ń yan ohun tí o máa wọ̀n, má kàn yan èyí tó rọrùn jù láti gbé sórí òṣùwọ̀n. Yan èyí tí ńlá àti kékeré ń lò ní ọ̀nà tó yàtọ̀ gan-an sí bí wọ́n ṣe ń lo fúláwà.

Ìbéèrè kan ṣì wà tí o kò béèrè, tí mo mọ̀ pé ó ń bọ̀: bí ẹ bá bẹ̀rẹ̀ sí yan irú kẹta ńkọ́, tó ní bọ́tà àti mílíìkì nínú? X, y àti z nìyẹn, o máa nílò ẹlẹ́rìí mẹ́ta tí kò sí èyí tó da ti ẹnikẹ́ni kọ. Determinant ṣì máa ṣe é, iṣẹ́ ìdábùú á kàn pọ̀ sí i. Ó wà nínú ohun tí wọ́n ń béèrè nínú Further Mathematics ti WAEC. Bí wọ́n bá pọ̀ ju mẹ́rin lọ, má fi determinant da ara rẹ láàmú. Máa lé wọn lọ́kọ̀ọ̀kan bí a ṣe lé y lẹ́ẹ̀kan. Bí kọ̀ǹpútà náà ṣe sábà ń ṣe é nìyẹn.

Kí o lè mọ̀ bóyá ó ti wọ̀ ọ́ lára, ṣe èyí lálẹ́ òní kí o tó wo ohun tí mo kọ tẹ̀lé e. Àpò fúláwà kan náà, kílò 50, ṣùgbọ́n okùn 110 ló jáde. Má wo ibi tí a ti ṣe é lókè. To nọ́ńbà rẹ, wá D, béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ bóyá ẹlẹ́rìí rẹ pé méjì, kí o tó ṣe Dx àti Dy.

Bí o bá rí ńlá 34 àti kékeré 76, o ti gbà á. Bí o bá rí nǹkan mìíràn, kọ gbogbo ìrìn rẹ sí ìwé láti ìbẹ̀rẹ̀, má pa ọ̀kankan rẹ́, kí o fi ránṣẹ́ sí mi.